Ta Ni Bàbá Ugo? Ọdún Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n Mi Nínú Ìran Àwọn Montegriso

Ojú mi yìí, kì í ṣe ojú ẹlòmíràn, ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. N kò kà á níbì kankan. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ní Houston yìí, tó sì yàtọ̀ sí tèmi, ẹ bi onítọ̀hún pé níbo ló jókòó sí lọ́jọ́ náà. Èmi mọ àga tí mo jókòó lé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, mo fi páálí há a nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Ọ́ńkù Wálé, irú iṣẹ́ wo lẹ ṣe fẹ̀yìn tì gan-an?" ìdáhùn yín rèé. Mo mọ̀ pé àwọn bàbá yín jẹ́ dókítà àti ẹnjiníà. Èmi, fọ́ọ̀mù tú ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mo lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù. Síbẹ̀, èmi yìí náà ni mo ń ka ìwé tí ẹni tó ní digírí mẹ́ta kò lè kà: ìwé tí wọ́n kọ sórí awọ àgùntàn ní ilẹ̀ Ítálì, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn. Mo ń kà á bí ẹni ń ka Ìwé Orin. Kò sí Yorùbá méjì nílùú yìí tó lè ṣe é. Bí ó bá wà, kó jáde.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Ẹ̀gbọ́n mi tó mú mi wá sí Amẹ́ríkà ní kí n wá bá òun ní La Porte, kí n wá máa fọ táǹkì níléeṣẹ́ kẹ́míkà. Òórùn ibẹ̀ lé mi padà lọ́jọ́ kejì. Mo ń gbé apartment kan ní Third Ward nígbà yẹn pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń jí ìrẹsì mi sè. Mo wá rí iṣẹ́ ìgbálẹ̀ gbà nílé alájà méjì kan létí odò, lọ́dọ̀ bàbá kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwá ìran fún àwọn ènìyàn. Owó rẹ̀ tó mi jẹun. Ó tán.

Nando lorúkọ bàbá náà. Ítálì ni wọ́n bí i sí, Houston ló dàgbà sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí bàbá bàbá òun ti ṣẹ̀ wá ló ń wá a wá, iṣẹ́ tó sì ń bọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ìwé ńlá kan tó ti ń kọ kí n tó dé: ìran ìdílé ọlọ́lá kan tí wọ́n ń pè ní Montegriso, àwọn tó ni òkè, igbó àti àwọn ọlọ ńlá tí omi ń yí ní apá àríwá Ítálì láyé àtijọ́. Ta ló bí ta, ta ló fẹ́ ta, ta ló kú láìbímọ. Ó fẹ́ tú gbogbo rẹ̀ láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nínú mi, "ẹ" ni mo ń pè é ní gbogbo ọdún yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa kọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan mo ń gbálẹ̀, mo rí ìwé méjì lórí tábìlì rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹni kan náà kọ́ ló kọ méjèèjì yìí."

"Ta ló kọ́ ọ ní Látìn?"

"N kò gbọ́ Látìn, sà. Ṣùgbọ́n ẹni tibí yìí ń fa ìrù lẹ́tà rẹ̀ gbọọrọ bí ẹni ń fa okùn ewúrẹ́. Ti ọ̀hún ń gé e kúrú. Ọwọ́ méjì ni."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Gbé ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀," ló wí. Láti ọjọ́ náà, ẹlòmíràn ló ń gbálẹ̀.

Ẹ má rò pé ìgbádùn ló kàn. Ọdún méjì gbáko ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìwé gidi kan. Àdàkọ ni mo ń dà kọ, lẹ́tà kan ṣoṣo láti àárọ̀ dé ọ̀sán, títí ọwọ́ mi á fi mọ ọ̀nà tí ọwọ́ ẹni àtijọ́ yẹn gbà. Pẹ́ńsùlù nìkan ló gbà wá láyè láti lò. Ẹni tó bá mú bírò wọ yàrá òkè tí ìwé wà, kó padà sílé. Kí n fọ ọwọ́, kí n nù ún gbẹ, kí n bọ́ òrùka ìgbéyàwó mi. Ó tún máa ń gbóòórùn ìka mi bí ajá kọ́sítọ́ọ̀mù. "Wálé, o jẹ dòdò." "Mo ti fọwọ́, sà." "O jẹ dòdò. Padà lọ fọ ọ́."

Ṣùgbọ́n káàdì ni ẹ̀kọ́ tó le jù. Ohunkóhun tí a bá rí nípa ẹnì kan, káàdì ni a ń kọ ọ́ sí. Káàdì funfun wà fún ohun tí ìwé ẹ̀rí sọ, ìyẹn ìwé tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, tí ẹlẹ́rìí sì wà ní ìkàlẹ̀. Káàdì pupa wà fún ohun tí ẹnì kan jókòó rántí, tó kọ ọ́ bí ìtàn lẹ́yìn ọdún gbọọrọ. Bí funfun àti pupa bá ń jà, o kò gbọdọ̀ ya ìkankan. Okùn ni wàá fi so wọ́n pọ̀, kí wọ́n jọ máa jà nínú àpótí títí ẹ̀rí kẹta á fi dé. Ènìyàn méjì ló sì gbọ́dọ̀ fi ojú ara wọn ka ìwé kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó di káàdì funfun. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá kà á, àhesọ ni.

Ó tún fún mi ní ìbéèrè mẹ́ta tí mò ń bi gbogbo ìwé títí dòní: Ta ló kọ ọ́? Ta ló ní kó kọ ọ́? Kí ló máa rí jẹ níbẹ̀?

Èmi náà ṣe àṣìṣe, n kò ní fi pa mọ́. Ìwé kan dé ọwọ́ wa lọ́dún kẹta, níbi tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta láti ìdílé Montegriso ti jọ fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Mo to wọn: ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ni mo fi ṣe àkọ́bí. Mo to ọmọ wọn sábẹ́ wọn, mo to ọmọ-ọmọ wọn, nǹkan bí ọgọ́ta káàdì.

Ọ̀gá ní, "Ta ló sọ fún ọ pé eléyìí ni àgbà?"

"Òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, sà. Ta ni àbúrò tó máa fọwọ́ síwèé níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀?"

"Àlùfáà ni. Àlùfáà ni wọ́n máa ń fi síwájú, ì báà ṣe òun ló kéré jù nílé."

Ẹnu yà mí. N kò tíì gbọ́ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kí n tún gbogbo ọgọ́ta káàdì kọ, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí mo fi parí rẹ̀.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ìfura wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Ìfura ṣáà loògùn àgbà. Ọkùnrin kan dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Sunday kan, ó ń jẹ́rìí pé ọmọ ọba ni òun láti ìhà bàbá àti ti ìyá. Mo nawọ́. Mo ní, "Ta ló kọ ọ́?" Bísí, ìyàwó mi, já mi léèékánná ní itan.

"Jókòó! Ṣé Montegriso ni wọ́n ni?"

Nọ́ọ̀sì ni Bísí, ẹnu rẹ̀ kò sì ní bíréèkì. Nílé, bó bá ń bu ọbẹ̀ fún mi, á ní, "Àwọn ará Ítálì tí o ń fọjọ́ gbogbo ṣe ẹbí fún yìí, ṣé wọ́n ti san ìdáná ni? Ìran Òyìnbó lo ń tú. Kí lorúkọ bàbá bàbá bàbá tìrẹ?"

Mo máa ń jẹun mi lọ.

Ẹ̀rọ yí padà lójú mi. Awò ìfọwọ́dìmú ni mo bá, èyí tí ń sọ lẹ́tà di ńlá. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ fíìmù tí wọ́n ya àwòrán ìwé àtijọ́ sí, tí a ń fi ọwọ́ yí, tó máa ń mú òòyì kọ́ mi. Lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà dé, gbogbo ayé wá ń wá ìran orí ayélujára. Ìgbà yẹn ni mo rí ìparun iṣẹ́ wa. Ẹnì kan á kọ irọ́ kan sílẹ̀, ọgọ́rùn-ún ènìyàn á dà á kọ, wọ́n á wá máa sọ pé ẹlẹ́rìí ọgọ́rùn-ún ló wà. Ẹlẹ́rìí kan ni! Ẹnu rẹ̀ ló di púpọ̀. Mo tún gbọ́ pé fọ́tò tí ènìyàn bá fi fóònù yà máa ń gòkè lọ síbì kan lójú ọ̀run, níbi tí àwọn tí a kò mọ̀ ti ń tọ́jú rẹ̀. Mo ní kò kàn mí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi ọ̀rọ̀ wà.

Gbogbo ìdajì ìkẹyìn ìwé Ọ̀gá dúró lé orí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ugo, nítorí láti ara rẹ̀ ni gbogbo àwọn olóyè Montegriso tó kù ti ṣẹ̀. A kò sì mọ bàbá rẹ̀. Ìwé kan tó ti ilé àwọn mọ́ńkì wá sọ pé ọmọ Ottone ni. Ìwé ìtàn tí àlùfáà ìdílé náà kọ lẹ́yìn ìgbà náà sọ pé ọmọ Alberto ni, àbúrò Ottone. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mi. Ugo ló fún àwọn mọ́ńkì nílẹ̀, ilẹ̀ Ottone sì ni, nítorí náà wọ́n ń fẹ́ kó jẹ́ ọmọ Ottone. Àlùfáà ń jẹun lọ́wọ́ àwọn ọmọ-ọmọ Alberto, nítorí náà ó ń fẹ́ kó jẹ́ ọmọ Alberto. Oúnjẹ ló dí àwọn méjèèjì lẹ́nu. A fi okùn so káàdì wọn pọ̀, wọ́n sì ń jà nínú àpótí láti ìgbà tí mo ti débẹ̀.

Ojú Ọ̀gá wá ń fọ́. Àárín ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Bó bá wò ọ́, etí rẹ nìkan ló ń rí. Dókítà ní kò ní padà. Ó ní, "Wálé, kí ojú yìí tó kú tán, mo fẹ́ mọ bàbá ọmọ yẹn, kí n sì kọ ọ́ sínú ìwé mi." Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń kàwé fún un, òun ń gbọ́.

Àsìkò yẹn gan-an ni Ọ̀gbẹ́ni Griso dé. Ọ̀gá ńlá ni níléeṣẹ́ epo kan ní Energy Corridor, bàtà rẹ̀ ń dán bí ẹyin ojú. Ó ní ìran Alberto ni òun. Bí Ugo bá jẹ́ ọmọ Alberto, a jẹ́ pé àwọn baba ńlá òun ló ni ilé. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Ottone, a jẹ́ pé Alberto, tó di ilé mú lẹ́yìn ikú Ottone, ilé onílé ló ń ṣọ́. Ó tú awọ kan sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n ya igi ìran sí i, wúrà ń kọ mọ̀nà, Ugo sì wà lábẹ́ Alberto rèǹtè-rente.

"Bàbá bàbá mi ló ra èyí ní Ítálì, ó sì fi lé bàbá mi lọ́wọ́," ló wí.

Mo gbé awò mi. Kòkòrò ti jẹ awọ náà, ó lu ihò káàkiri. Mo wo ihò kìíní, mo wo ìkejì, mo wo ìkẹwàá. Mo rẹ́rìn-ín.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Ọ̀gá bi mí.

"Kò sí lẹ́tà kan tí kòkòrò jẹ, sà. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló yà fún ihò. Ẹni tó kọ ọ́, ihò ló bá níbẹ̀. Awọ ti gbó, ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Ojú Ọ̀gbẹ́ni Griso pọ́n. "Bàbá bàbá mi kì í purọ́!"

"Ó lè má purọ́, sà. Ẹni tó tà á fún un ńkọ́?"

Ó ká awọ rẹ̀, ó jáde. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó rán obìnrin kan wá, Kelsi, tó ń bá a ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kó wá ràn wá lọ́wọ́ láti kó gbogbo káàdì wa sórí ẹ̀rọ, lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́fẹ̀ẹ́! Inú Ọ̀gá dùn. Èmi fura. Ẹni tí a já irọ́ rẹ̀ lójú ara rẹ̀, tó tún wá ń ṣe wá lóore, kí ló máa rí jẹ níbẹ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sọ fún Ọ̀gá pé mo ti rí ìdáhùn. Mo ní, "Ottone kú, Alberto ṣú opó rẹ̀. Ẹni tó bí ọmọ ni Ottone, ẹni tó fẹ́ ìyá rẹ̀ ni Alberto. Bàbá rẹ̀ ni àwọn méjèèjì. Ìwé méjèèjì jàre. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé wa."

Ó lu tábìlì. "Ṣọ́ọ̀ṣì máa yọ wọ́n lẹ́gbẹ́! Ẹnìkan kì í fẹ́ opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀! Ítálì lò ń kọ, kì í ṣe Ìjẹ̀bú!" Ó bú mi títí tíì tó wà níwájú wa fi tutù. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dúró ná. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ tọ́jú opó náà. Lófin wọn, obìnrin kò lè ta ilẹ̀ tàbí fi ṣe ìtọrẹ láìsí ọkùnrin tó ń dúró fún un. Mundualdo ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Bí ọkọ bá kú, ìbátan ọkọ ló sábà máa ń jẹ́."

Mo ní, "Ẹ ò rí i? Wọn kò ṣú u, ṣùgbọ́n wọ́n mú un sábẹ́ àṣẹ."

"Wá a," ló wí. "Wá ìwé opó Ottone."

Oṣù mẹ́rin ni mo fi wá a. Ibi tí mo ti rí i ni ẹ ó ti mọ̀ pé orí mi kì í ṣe orí lásán. Ọ̀gá ní ìwé ìwàásù àtijọ́ kan tó rà lọ́jà àwọn olówò ìwé, láti agbègbè Montegriso. Kò sí ẹni tó ń ṣí i. Èmi wá rántí pé ẹni tó ń di ìwé láyé àtijọ́ kì í ra awọ tuntun bó bá rí àlòkù. Mo yẹ ẹ̀yìn ìwé náà wò. Lábẹ́ gọ́ọ̀mù tó ti ṣí, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀, kò fẹ̀ ju ìka mẹ́rin lọ. Ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀sán mẹ́ta ni mo fi kà á fún Ọ̀gá, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó jókòó, ó dijú, ó ń so lẹ́tà pọ̀ lẹ́nu. *Berta.* Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí opó. Lẹ́yìn rẹ̀, *quondam*, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fi síwájú orúkọ olóògbé. Lẹ́yìn rẹ̀, *Ottonis*. Berta, opó olóògbé Ottone, pẹ̀lú Ugo ọmọ wọn tí kò tíì bàlágà, fún ilé àwọn mọ́ńkì ní ọlọ omi kan, pẹ̀lú àṣẹ Alberto, àbúrò ọkọ rẹ̀, mundualdo rẹ̀. Akọ̀wé ló kọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀gá sunkún. Èmi jó. Mo jó yí tábìlì ká, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Ó ní, "Ọmọ Ottone! Alberto tọ́ ọ, àlùfáà wá sọ alágbàtọ́ di bàbá!" Ó ní ó di dandan kí ẹnì kejì kà á kó tó di káàdì funfun. Ojú tirẹ̀ kò lè kà á mọ́. Ó pe olùkọ́ kan ní yunifásítì tó mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, olùkọ́ náà ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọjọ́ Ajé là ń sọ yìí.

Kelsi yọ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ kí n ya fọ́tò rẹ̀ kíákíá," ló wí. "Ìṣẹ́jú kan ni."

"Má fọwọ́ kàn án."

"Ọ̀gbẹ́ni Wálé, mo kàn fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i ńkọ́?"

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i, bí kò bá ṣe pé ẹnìkan ṣe é?"

Ó wò mí, ó lọ. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn, mo gbọ́ ọ bí ìhàlẹ̀. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Bí Griso bá gbọ́, ṣé kò ní rán ẹni wá gbé e? Olùkọ́ ọjọ́ Jímọ̀ náà ńkọ́? Ṣé kò ní sọ pé òun ló rí i? Páńsá ò fura, páńsá já iná. Àjà ò fura, àjà jìn. Èmi kọ́ ni wọ́n máa fi ṣe páńsá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí Ọ̀gá ń sinmi, mo gbé awọ náà sínú àpò ike. Mo kó gbogbo àpótí káàdì Ottone, ti Alberto àti ti Ugo, mẹ́sàn-án, tí n kò tíì jẹ́ kí Kelsi kó sórí ẹ̀rọ, pẹ̀lú ìwé àdàkọ mẹ́fà àti awò mi, mo rù wọ́n kúrò ní yàrá òkè. Fírísà ńlá kan tó ti kú wà nínú gáréèjì nísàlẹ̀. Ta ló máa wá ìwé wá sínú fírísà? Mo kó wọn sí i, mo dé e, mo to páálí lé e lórí. N kò sọ fún Ọ̀gá. N kò sọ fún Bísí. Mo lọ sílé, mo sì fọkàn balẹ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́rú. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Houston mọ irú òjò tí mò ń wí. Kì í rọ̀, ó ń dà ni. Freeway di odò, a kò lè jáde nílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Fóònù Ọ̀gá kò lọ. Mò ń rìn yí pálọ̀ ká.

Bísí ní, "Kí ló dé? Yàrá òkè ṣáà ni ìwé yín wà. Omi kì í gun àkàsọ̀."

Mo tún gbé fóònù, mo tún pe Ọ̀gá.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo fi ẹsẹ̀ wọ́ omi débẹ̀. Mo gun òkè lọ kọ́kọ́ wo Ọ̀gá. Ó jókòó ní yàrá iṣẹ́, aṣọ òtútù wà lọ́rùn rẹ̀. Òkè gbẹ. Tábìlì gbẹ. Àwọn àpótí tó kù gbẹ ṣáńṣán. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gáréèjì. Omi ti dé ọrùn ògiri, ó sì ti fà. Fírísà tí ọkùnrin méjì kì í lè gbé, omi gbé e léfòó bí igbá, ó sọ ọ́ lu ògiri, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìdérí rẹ̀ ti ṣí. Káàdì ti di ẹ̀kọ. Funfun àti pupa, àwọ̀ kan náà. Mo rí àpò ike náà lábẹ́ ẹrẹ̀, ó ti ya. Mo fa awọ náà jáde. Ó ti padà di awọ. Ó rọ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi bí pọ̀nmọ́, kò sì sí lẹ́tà kan lára rẹ̀ mọ́.

Mo gbé e gòkè fún Ọ̀gá. Ó fi ìka wò ó.

"Ta ló gbé e lọ sísàlẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Ta lò ń sá fún?"

"Àwọn yẹn."

"Àwọn wo, Wálé?"

Kelsi ló wọlé bá wa níbẹ̀, bàtà òjò lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Òun nìkan ló wá bá wa kó ẹrẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kó o, kò sì mẹ́nu ba fọ́tò.

Mo bẹ Ọ̀gá. Mo ní, "Ẹ kọ ọ́, sà. Mo kà á. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Òtítọ́ ṣáà ni."

Ó fi ọwọ́ wá inú dúrọ́ọ̀, ó yọ káàdì kan, ó bi mí pé irú àwọ̀ wo ni. Mo ní pupa ni. Ó nà án sí mi. "Kọ ohun tí o rántí," ló wí. "Mo gbà ọ́ gbọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ka ìwé mi kò mọ̀ ọ́."

Mo kọ ọ́.

Ìwé náà jáde lọ́dún kejì. Ojú Ọ̀gá ti kú tán, mo sì ń kà á fún un. Nígbà tí mo dé orí Ugo, mo ka ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀: *bàbá rẹ̀ kò dájú.* Mo dúró. Ó ní, "Máa kà á lọ." Ó kú kí ọdún yẹn tó parí. Lórí ayélujára lónìí, igi oníwúrà ti Griso ló gbilẹ̀, wọ́n ń dà á kọ lójoojúmọ́. Mo ti kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ ṣe é. Ó dára. N kò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ máa fura sí ìwé, ẹ máa fura sí ẹni tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́, ẹ fi han ẹlòmíràn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹni tí ẹ kò fẹ́ràn pàápàá, ẹ fi hàn án.

Ohun tó sọnù nìyí, mo kà á fúnra mi. Àpótí káàdì mẹ́sàn-án. Àwọn káàdì inú wọn jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì ó lé mẹ́rìnlá, ọwọ́ Ọ̀gá ló kọ èyí tó pọ̀ jù. Ìwé àdàkọ mẹ́fà. Awò kan. Awọ àgùntàn kan, ìka mẹ́rin ní fífẹ̀, tó ní ìlà mọ́kànlá. Orúkọ ẹlẹ́rìí mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí n kò rántí mọ́. Bàbá ọmọ kan.